Ta Ló Ń Ṣòfin Owó Ìrànwọ́? Ọ̀rọ̀ Ṣáínà àti Ilẹ̀ Áfíríkà

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà n'Ìbàdàn dé Èbúté-Mẹ́ta l'Ékòó rí, kó yáa mọ̀ pé orí owó Ṣáínà ló gbà kọjá. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà náà. Bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 267 dọ́là ni ìjọba wa yá lọ́wọ́ báǹkì Exim ti Ṣáínà lọ́dún 2017 láti fi ṣe é. Ilé-iṣẹ́ CCECC, tí òun náà jẹ́ ti ìjọba Ṣáínà, ló ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa nìyí o. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ṣáínà nínú kíláàsì báyìí, àwọn kan á ní olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n, àwọn kan á ní wọ́n fẹ́ fi gbèsè gba ilẹ̀ wa ni. Ariwo á sọ, aago á lù, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Kí là ń pè ní owó ìrànwọ́? Ta ló ṣe ìlànà rẹ̀? Kí ni Ṣáínà ń ṣe tó yàtọ̀? Èwo ló kan àwa ọmọ iléèwé níbẹ̀?

Kí là ń pè ní owó ìrànwọ́?

Kì í ṣe gbogbo owó tó bá ti òkè òkun wá là ń pè ní ìrànwọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó lè gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùn: wọ́n fún wa, kò sí pé à ń dá a padà. Èkejì ni àwìn tí kò lélé. Ẹ̀kẹta ni àwìn tí èlé rẹ̀ kéré, tí wọ́n sì fún ni ní ọdún gbọọrọ láti san án. Ẹ̀kẹrin ni àwìn ti ọjà, níbi tí ẹni tó yá wa lówó ti ń wá èrè tirẹ̀ gan-an. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni a lè sọ pé ìrànwọ́ wà nínú wọn.

Ẹ̀yin á ní, báwo ni àwìn ṣe lè jẹ́ ìrànwọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé báyìí. Ká ní ẹnìkan yá ìyá oníṣòwò kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lónìí, tó ní kó san án ní ọdún mẹ́wàá òní, láìsí èlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náà ni yóò dá padà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ń rà lónìí kọ́ ni yóò rà nígbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì, ẹ̀bùn ni, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni olówó sogún-dogójì, tó ń fi owó rẹ̀ wá owó ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń ṣe irú ìṣirò yìí. Inú àjọ OECD tó wà ní Paris ni ẹgbẹ́ náà wà, DAC ni orúkọ rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ló sì ti wà. Lọ́dún 1969 ni wọ́n fi ẹnu kò lórí ohun tí a ó máa pè ní ìrànwọ́ ìdàgbàsókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òté wọn ni pé bí ìdá ẹ̀bùn tó fara pamọ́ sínú àwìn kan kò bá tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìrànwọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìlànà wọn ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1970, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn olówó máa yọ 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dọọdún fún ìrànwọ́. Ẹgbẹ́ DAC ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kéde iye tó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2001, wọ́n dábàá pé bí o bá ran orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ́wọ́, má ṣe fi dandan lé e pé ọjà tìrẹ ni kó fi owó náà rà. Lọ́dún 2005, wọ́n ṣe àdéhùn kan ní Paris pé ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ ni kó máa sọ ohun tó ń fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n tún ń so ìrànwọ́ mọ́ ìdìbò tó mọ́, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn àti ìṣirò owó ìlú.

Ẹ fi ọkàn sí i pé ìwọ̀nyí kì í ṣe òfin tí ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn. Ìlànà ẹgbẹ́ ni wọ́n, bí ìlànà àwọn tó ń dá àjọ. Ẹni tó wà nínú àjọ ni ìlànà àjọ ń mú. Ṣáínà kò sí nínú àjọ yìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ṣáínà ti ń fúnni

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àná òde yìí ni Ṣáínà dé Áfíríkà. Rárá o. Lọ́dún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ìjọba tuntun tó gbàjọba lọ́dún 1949 kò tíì pé ọdún méjì. Lọ́dún 1956 ni ìrànwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1963, ó kó dókítà lọ sí Algeria. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, Zhou Enlai tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà ń rin ìrìn àjò káàkiri Áfíríkà, nígbà tó sì dé Gáná, ó kéde ìlànà mẹ́jọ tí Ṣáínà yóò máa fi ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lára wọn ni pé dọ́gbandọ́gba ni olùfúnni àti olùgbà. Pé kò ní sí májẹ̀mú tí yóò ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò. Pé àwìn náà yóò jẹ́ aláìlélé tàbí elélé kékeré. Àti pé irú ìgbé ayé tí àwọn onímọ̀ ìlú náà bá ń gbé ni àwọn onímọ̀ tó ti Ṣáínà wá yóò máa gbé, wọn kò ní béèrè fún ilé ńlá tàbí ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn jù ni ojú irin Tanzania àti Zambia, tí wọ́n ń pè ní TAZARA. Zambia kò létí òkun. Bàbà ni wọ́n ń wà nílẹ̀ tà, ọ̀nà tí bàbà náà ń gbà dé òkun sì gba ilẹ̀ Rhodesia kọjá, níbi tí àwọn òyìnbó díẹ̀ ti gbàjọba mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ lọ́dún 1965. Kenneth Kaunda ti Zambia àti Julius Nyerere ti Tanzania wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lọ bá Báǹkì Àgbáyé àti àwọn ìjọba Òyìnbó, wọ́n ní iṣẹ́ náà kò lè mú owó wọlé. Ṣáínà, tí òun alára tòṣì nígbà náà, ló dá wọn lóhùn. Ó yá wọn ní mílíọ̀nù 988 yuan láìsí èlé kankan. Láàrin 1970 sí 1975, wọ́n la ojú irin kìlómítà 1,860 láti Dar es Salaam dé Kapiri Mposhi. Ó lé ní ọgọ́ta òṣìṣẹ́ Ṣáínà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ṣé ìfẹ́ lásán ni? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé ìjọba tó wà ní Beijing ni kó jókòó sórí àga Ṣáínà, dípò ìjọba tó wà ní Taiwan. Ìbò 76 ló gbè é, 35 ló takò ó. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú 76 yẹn, láti Áfíríkà ni. Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹni tó ṣoore kò gbàgbé pé òun náà ní ohun tóun ń wá.

Ilé tí Ṣáínà kọ́ kò jìnnà sí wa. Ní Cotonou, ní orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn Yorùbá bíi tiwa pọ̀ sí, pápá ìṣeré ńlá kan wà tí wọ́n sọ ní pápá Ọ̀rẹ́. Ṣáínà ló kọ́ ọ, láti ọdún 1982 ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní Addis Ababa, olú ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012 náà, ẹ̀bùn Ṣáínà ni. 200 mílíọ̀nù dọ́là ló ná wọn.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ Jàpáànù

Apá yìí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mò ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣáínà náà gba ìrànwọ́ rí, kódà ó gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1978, òun àti Jàpáànù ṣe àdéhùn òwò: kí Jàpáànù kó ẹ̀rọ àti ohun èlò wá, kí Ṣáínà máa fi epo rọ̀bì àti èédú ilẹ̀ san án. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yá Ṣáínà lówó tí èlé rẹ̀ kéré, wọn kò sì dá iṣẹ́ tuntun dúró lábẹ́ ètò ìrànwọ́ náà títí di ọdún 2018. Ṣáínà wá rí i pé orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó ní nǹkan nínú ilẹ̀, lè fi ohun inú ilẹ̀ náà kọ́ ilé.

Nígbà tí Ṣáínà fi di olówó, ọgbọ́n yìí kan náà ló gbé wá. Lọ́dún 1994, ó dá báǹkì Exim sílẹ̀. Ẹ wo Angola. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi jagun níbẹ̀, ogun náà parí lọ́dún 2002. Afárá ti wó, ojú irin ti bàjẹ́. Àwọn olùfúnni àtijọ́ ní kí ìjọba Angola kọ́kọ́ fi ìwé owó epo rẹ̀ han aráyé. Lọ́dún 2004, báǹkì Exim ní òun yóò yá wọn ní bílíọ̀nù méjì dọ́là, epo ni wọn yóò fi san án.

Báwo ni ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fọkàn bá mi lọ. Báǹkì kò kó owó fún ìjọba Angola. Bí iléeṣẹ́ Ṣáínà bá ti ṣe iṣẹ́ dé ibì kan, tí ìjọba Angola fọwọ́ sí i, báǹkì á sanwó fún iléeṣẹ́ náà nílé lọ́hùn-ún. Angola á máa kó epo lọ, owó epo á máa wọ inú àkáǹtì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa yọ gbèsè. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti kó owó náà sápò, ọ̀nà á sì délẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé owó epo náà kò gba ojú àwọn ará ìlú kọjá, bí iye owó ọ̀nà náà bá sì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ta ni yóò mọ̀? Gáná náà ṣe irú rẹ̀: owó kòkó wà lára ohun ìdúró tí wọ́n fi gba àwìn ìsédò Bui, tó parí lọ́dún 2013.

Àwọn baba wa mọ irú ètò báyìí. Ìwọ̀fà là ń pè é láyé àtijọ́: o yá owó, o fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ san èlé. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ilé rẹ̀ ló ń padà sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá wà lóko olówó, oko baba rẹ̀ ń kún fún igbó.

Ibi tí ìlànà méjèèjì ti forí gbárí

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ májẹ̀mú. Ṣáínà ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí ọ̀pọ̀ olórí Áfíríkà, ìdí sì wà. Àwọn òbí wa ṣì ń sọ ohun tí ojú wọn rí ní àkókò SAP, ètò tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986 láti tẹ́ àwọn tí a jẹ lówó lọ́rùn: owó náírà já wálẹ̀, oúnjẹ wọ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yá ìjọba lówó kò bá béèrè bí ìjọba náà ṣe ń ṣe sí ará ìlú, olórí burúkú náà á rí owó gbà. Ẹ má sì gbàgbé pé májẹ̀mú kan wà tí Ṣáínà kì í fojú fò: ẹni tó bá ń bá Taiwan ṣe ọ̀rẹ́ ìjọba sí ìjọba kò lè bá a ṣe. Burkina Faso já Taiwan sílẹ̀ lọ́dún 2018. Ní gbogbo Áfíríkà báyìí, Eswatini nìkan ló kù.

Ìkejì ni ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ètò àwìn elélé kékeré ti báǹkì Exim, ó kéré tán, ìdajì ohun tí wọ́n máa rà ló gbọ́dọ̀ wá láti Ṣáínà. Èyí lòdì sí ohun tí DAC ń wí. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, àwọn olùfúnni àtijọ́ náà ń ṣe é. Ọkà tí àgbẹ̀ Amẹ́ríkà gbìn ni Amẹ́ríkà fi ń ran àwọn tí ebi ń pa lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wọn sì ní ó kéré tán ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà.

Ìkẹta ni àṣírí. Láti ọdún 2011, Ṣáínà ti tẹ ìwé mẹ́ta jáde lórí ìrànwọ́ rẹ̀. Èyí tó jáde lọ́dún 2021 sọ pé láàrin 2013 sí 2018, ó fúnni ní bílíọ̀nù 270.2 yuan. Ẹ̀bùn kó ìdá 47.3 nínú ọgọ́rùn-ún, àwìn elélé kékeré kó 48.52, àwìn aláìlélé kó ìyókù. Ó dára. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ ni. Kò sọ iye tó fún Nàìjíríà tàbí Kenya lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2021 kan náà, àwọn olùṣèwádìí rí ọgọ́rùn-ún ìwé àdéhùn tí àwọn ayánilówó Ṣáínà ṣe pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ló ní kí ẹni tó yá owó má ṣe sọ ohun tó wà níbẹ̀ síta. Àwọn mìíràn ní kò gbọ́dọ̀ kó gbèsè Ṣáínà pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn nígbà tó bá ń bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì.

Èyí gbé wa dé ìkẹrin: bí gbèsè bá wọni lọ́rùn ńkọ́? Láti ọdún 1956 ni àwọn olùyánilówó àtijọ́ ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Paris Club, tí wọ́n ti máa ń jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè san. Àwa náà jẹ níbẹ̀: lọ́dún 2005, wọ́n dárí nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là ji Nàìjíríà, a sì san bílíọ̀nù 12 ó lé díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Ṣáínà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí Zambia kò rí gbèsè rẹ̀ san ní ìparí ọdún 2020, ó di oṣù kẹfà ọdún 2023 kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bílíọ̀nù 6.3 dọ́là, tí Ṣáínà ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Gbogbo àkókò tí wọ́n ń fà á yìí, àwọn ará Zambia ló ń fojú winá rẹ̀.

Ṣé páńpẹ́ ni?

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn máa ń mú wá ni èbúté Hambantota ní Sri Lanka. Wọ́n ní Ṣáínà gba èbúté náà nítorí gbèsè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, owó Ṣáínà ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì mú èrè tí wọ́n retí wá. Lọ́dún 2017, Sri Lanka yá iléeṣẹ́ Ṣáínà kan lò ó fún ọdún 99, ó sì gba bílíọ̀nù 1.12 dọ́là. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò pa gbèsè èbúté náà rẹ́. Inú àpò owó òkèèrè ìjọba ló wọ̀, nítorí pé gbèsè tí wọ́n jẹ ní ọjà owó àgbáyé, tó pọ̀ ju ti Ṣáínà lọ, ti há wọn lọ́fun. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé èbúté náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí ohun tó ṣe Sri Lanka kò ṣe òótọ́: wọ́n kọ́ ohun ńlá tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sì ju ẹ̀mí ẹni tó fọwọ́ sí i lọ.

Tiwa ńkọ́?

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè wa, DMO, ti kéde pé ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, bílíọ̀nù 3.121 dọ́là ni a jẹ Ṣáínà. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gbèsè ìlú nígbà náà. Èlé rẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ogún ọdún ni a ó fi san án, ọdún méje àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìsinmi, a kò ní tíì fọwọ́ kan ojú owó. Ẹ fi wé èyí: lọ́dún 2017 tí a yá owó ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ìjọba wa tún lọ sí ọjà owó àgbáyé, ó yá bílíọ̀nù kan dọ́là ní èlé 7.875. Lórí bílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù 25 dọ́là ni èlé ti Ṣáínà lọ́dún. Ti ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 79. Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa ní kíláàsì á rí i pé kì í ṣe Ṣáínà ni gbèsè tó wúwo jù lọ́rùn wa.

Àmọ́ ariwo ńlá sọ lọ́dún 2020 yẹn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Wọ́n ń ka ìwé àdéhùn àwìn 400 mílíọ̀nù dọ́là ti ètò íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2018, wọ́n sì rí ibì kan tí Nàìjíríà ti ní òun kò ní fi ipò òun gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè bo ara òun. Ṣàṣà ni ìwé ìròyìn tí kò kọ ọ́ pé a ti ta ìlú. Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí? Láyé, ó ní ààbò tí orílẹ̀-èdè máa ń ní, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè déédéé pè é lẹ́jọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Nínú àdéhùn owó, ayánilówó máa ń ní kí a bọ́ ààbò yẹn sílẹ̀, kí wọ́n lè rójú pè wá lẹ́jọ́ bí a kò bá san. Kì í ṣe Ṣáínà nìkan ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ọjà owó àgbáyé náà ń béèrè rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé Ṣáínà lè wá gba Abuja. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wa lè dé iwájú adájọ́ tí a kò yàn. Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i tán ni àwọn aṣojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á.

Ìlànà náà ń yí padà

Kì í ṣe Ṣáínà nìkan ni ìlànà àgbáyé ń yí lọ́kàn padà. Òun náà ń yí ìlànà. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Busan, ní Gúúsù Kòríà, lọ́dún 2011, Ṣáínà gbà láti bá wọn fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni yóò fi tẹ̀ lé e, kì í ṣe dandan. Lọ́dún 2016, báǹkì AIIB tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bìrìtìkó àti Jámánì sì wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 2018, ó dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ nìkan. Nínú ọ̀rọ̀ Zambia, òun àti Faransé ló jọ ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn ayánilówó. Ẹni tí kì í wá sípàdé ti wá ń darí ìpàdé.

Àwọn àtijọ́ náà ń wo ọwọ́ Ṣáínà. Lọ́dún 2021, Ìṣọ̀kan Yúróòpù kéde ètò bílíọ̀nù 300 owó yúrò fún ọ̀nà, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, irú iṣẹ́ tí wọ́n ti pa tì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti 0.7 yẹn, díẹ̀ ni wọ́n tó ń pé e, bíi Norway àti Luxembourg. Bìrìtìkó pé e fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì gé e sí 0.5 lọ́dún 2021. Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID pa lọ́dún 2025. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìwà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sá kúrò ní kíláàsì.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa béèrè

Èrò tèmi ni pé kí a yé béèrè bóyá Ṣáínà dára tàbí kò dára. Òṣómàáló kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tajà láwìn fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó gba aṣọ ló yẹ kó ti mọ bí òun ṣe máa san án. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ yáwó, ìbá à ṣe lọ́wọ́ Beijing, Washington tàbí Paris, ìbéèrè wa nìyí:

Èlé mélòó ni, ọdún mélòó sì ni?
Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, ta ló bá a du iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e fún un?
Kí ni a fi ṣe ìdúró?
Ohun tí a fẹ́ kọ́ yìí, ṣé yóò mú owó wọlé, tàbí yóò mú kí ìnáwó wa dín kù?
Òfin ilẹ̀ wo ni wọn yóò fi dá ẹjọ́ bí ìjà bá dé?
Ṣé àwọn aṣòfin ti ka ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ṣé àwa náà sì lè kà á?

Ìkẹyìn yìí kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2011, òfin kan wà ní Nàìjíríà tó fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin ọjọ́ méje. Òfin náà kò ní kí ènìyàn sọ ìdí tó fi ń béèrè. Mo ti dá a lábàá fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa pé kí a kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí DMO ní sáà tó ń bọ̀, kí a béèrè ẹ̀dà àdéhùn ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa kọ ọ́, kó wá bá wa ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́.

Owó tí wọ́n yá lọ́dún 2017 yẹn, ọdún 2037 ni ogún ọdún rẹ̀ yóò pé. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Nígbà náà, àwọn tó fọwọ́ sí i á ti fẹ̀yìn tì. Àwa la ó wà lẹ́nu iṣẹ́, owó orí tiwa ni wọn yóò sì fi san ìyókù rẹ̀.